Bátìrì Tí Mo Yọ ní Takie

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ rédíò ni pé ẹ̀rọ tí kò bá ṣiṣẹ́, kí n yọ bátìrì inú rẹ̀. Bátìrì tí a bá gbàgbé sínú rédíò a máa ya, omi inú rẹ̀ a máa jáde, a sì máa jẹ irin àti wáyà. Mo ti rí rédíò tí ohùn rẹ̀ dá ṣáká lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sórí àjà, àmọ́ nígbà tí wọ́n fi máa gbé e wá fún wa, inú rẹ̀ ti funfun bí ẹni da iyọ̀ sí i. A kì í tíì kí oníbàárà tán tí ọwọ́ wa á fi dé ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọṣẹ́. Nígbà tí mo gba fríìdọ̀mù tán, tí mo dúró ti ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ṣì ń ṣe é. Ọwọ́ mi ti ń ṣe é kí orí mi tó mọ̀. Bí mo ṣe pa ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ kẹ́yìn fún wa rẹ́ nìyẹn.

Bùọ̀dá mi, ọmọ ìyá mi, ló kàwé nínú wa. Èmi fi ilé ìwé sílẹ̀ ní fọ́ọ̀mù kẹta. Kò sẹ́ni tó lé mi, èmi náà ni mo sọ pé ó tó. Òun ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà ní ìṣirò ní Ọ̀yọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà lókè òkun ló fi kọ̀ǹpútà kékeré kan ránṣẹ́ sí i, irú èyí tí ènìyàn ń gbé lé itan, tó ní ìdérí bí àpótí. Nígbà yẹn, àwọn tó ti fojú rí kọ̀ǹpútà ní gbogbo Ọ̀yọ́ kò pọ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti èyí tí ènìyàn lè há sábẹ́ abíyá.

Ohun tó ń darí ẹ̀rọ náà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n tì pa. Ẹni tó ṣe é ti tẹ gbogbo àṣẹ inú rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹni tó bá fẹ́ lè kà á, kí ó sì tún un ṣe bó ṣe wù ú. Ìwé yẹn wú Bùọ̀dá mi lórí ju ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ.

Ó ní, “Wò ó, ó dà bíi kí ènìyàn ta rédíò fún ọ, kó tún fún ọ ní àwòrán gbogbo wáyà inú ẹ̀.”

Mo ní, “Báwo ni onítọ̀hún ṣe wá fẹ́ jẹun, Bùọ̀dá? Bí oníbàárà bá mọ gbogbo wáyà, ta ló máa wá sí ṣọ́ọ̀bù?”

Ó ní, “Ìwọ àti ọ̀gá rẹ, ìṣòro yín nìyẹn.”

Ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ yìí kò mọ̀ ọ́n ṣe ni oorun. Bí Bùọ̀dá mi bá tàn án, bátìrì rẹ̀ kì í ju wákàtí mẹ́ta lọ. Bó bá sì pa á, gbogbo ohun tí kò bá tíì kọ sórí díìsìkì á lọ ráúráú. Iná ìjọba wá ń ṣe bó ṣe wù ú. Ohun tó fẹ́ ni pé bí òun bá dé e, kí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, kí ó dẹ́kun iṣẹ́, kí ó máa fa iná díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó di ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ mú, bí ìyálọ́mọ tó ń sùn tí ọmọ wà láyà rẹ̀ tí kò sì jẹ́ kó já bọ́. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kò fi èyí sí i. Ó ní òun á fi sí i fúnra òun, ṣebí ìwé wà.

Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe é. Etí ìwé yẹn kún fún ìkọ̀wé rẹ̀. Bírò ló fi ń kọ èyí tó bá dá a lójú, pẹ́ńsùlù ló fi ń kọ èyí tó bá ń ṣiyèméjì lé lórí. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójúde ọ́fíìsì: “Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ọmọ yín ti sùn?” Òun náà á ní, “Ó ṣì ń sunkún.”

Ọjọ́ Sátidé kan ló gbé e wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìyá wa ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù níbẹ̀ nígbà náà. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ilé wa, ṣùgbọ́n ibi tí mo wà ni wọ́n gbé e wá, kí n lè máa lọ wò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àìsàn ọkàn ló ń ṣe é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, kò sì lè sùn gbalaja. Ìjókòó ló fi ń sùn, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò ṣàìsàn.

Ó rí Bùọ̀dá mi, ó ní, “Kí lo há mọ́ abíyá yẹn? Ṣé aṣọ ni?”

“Kọ̀ǹpútà ni, Ìyá. Mo ti kọ́ ọ lóorun.”

Ìyá wò ó títí. “Èyí tí mo rán ní ilé ìwé nìyí. Nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré, mò ń wá ẹni tó máa bá mi kọ́ yín lóorun, n ò rí i. Kí ló dé tó ò tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí?”

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn fa ikọ́ fún un. Bùọ̀dá mi gbé ẹ̀rọ lé itan, ó ní kí Ìyá sọ ohunkóhun. Ìyá ní, “Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọbẹ̀ ilé ìwòsàn yìí ò níyọ̀.” Ó kọ ọ́. Ó dé e. Ó ní kí n lọ pọn omi wá. Mo lọ, mo tò sẹ́yìn àwọn èèyàn nídìí ẹ̀rọ omi, mo padà. Nígbà yẹn ló ṣí i, ó sì kà á jáde: ọbẹ̀ ilé ìwòsàn yìí ò níyọ̀.

Ìyá kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan kan etí ẹ̀rọ náà. Ó ní, “Ó gbà á mọ́ra.” Ó wo Bùọ̀dá mi, ó ní, “Tó bá rí bẹ́ẹ̀, jókòó dáadáa. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ.”

Ìyá kò mọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin méjì wà lọ́nà jíjìn, ọ̀kan ní Kano, ọ̀kan ní Kùtọnù, wọn kò sì tíì dé. Ó sọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹni tó wà ní Kano. Ó sọ ti ẹni tó wà ní Kùtọnù. Ó sọ ti Bùọ̀dá mi lójú ara rẹ̀, Bùọ̀dá mi sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ láìgbójú sókè. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

“Àbíkẹ́yìn, bọ́ síta. Tìẹ ló kàn.”

“Ìyá, ṣebí mo wà níbí. Ẹ sọ ọ́ sí mi létí.”

“Èyí tí mo bá sọ sí ọ létí, ìwọ á bá mi jiyàn. Èyí tó bá wà nínú ẹ̀rọ, nígbà tí mo bá ti lọ, ta lo fẹ́ bá jiyàn?”

Mo jáde. Mo dúró sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Mo gbọ́ ẹ̀rín Ìyá, ẹ̀rín kékeré kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn ìsàlẹ̀, àti ìró ìka Bùọ̀dá mi lórí ẹ̀rọ, kẹ́kẹ́kẹ́ bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù. Ó pẹ́. Ó pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Nígbà tí Bùọ̀dá mi jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó kàn sọ pé, “Tìẹ gùn o.”

Díìsìkì méjì ni Bùọ̀dá mi ní. Èyí tí ẹ̀rọ fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí a bá tàn án ti kún, kò gba ohunkóhun mọ́. Ekejì ti bu, funfun ti hù sójú rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Ìyá kò sí níbòmíràn ju inú ẹ̀rọ tó ń sùn yẹn lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan á bá a ra díìsìkì tuntun bọ̀ láti Ìbàdàn. Títí di òní mo ń bi ara mi pé kí ló dé tí kò fi dà á kọ sórí bébà. Bébà wà. Bírò wà lápò rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè bá a wí. Ènìyàn kì í kọ́ ọmọ rẹ̀ ní rírìn fún oṣù mẹ́jọ kó tún máa gbé e pọ̀n.

Kò lè gbé e padà sí Ọ̀yọ́, torí tiransifọ́mà àdúgbò rẹ̀ ti jó, kò síná níbẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ní ìdánwò lọ́jọ́ Mọ́ńdè àti Túsìdeè. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó ní, “Ó ń sùn ni o, kò kú. Má ṣí i. Fún un níná fún wákàtí kan láràárọ̀, kí ebi má pa á. Wẹ́sìdeè ni mo máa dé.”

Mo ní, “Bùọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ mi kọ́ nìyí ni?”

Mo fún un níná ní Sọ́ńdè àti Mọ́ńdè. Mo fún un níná ní Túsìdeè, àmọ́ oníbàárà dí mi lọ́wọ́, ó sì pẹ́ nídìí iná ju wákàtí kan lọ. Ní ọ̀sán, òjò ṣú. Ọ̀gá mi pariwo pé kí á yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, nítorí mànàmáná. Mo ń ti ibì kan bọ́ sí òmíràn, mo ń yọ ọ́, mo ń gbé àwọn rédíò kúrò lábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò. Mo gbé ẹ̀rọ Bùọ̀dá mi náà. Ìdí rẹ̀ gbóná. Mo fọwọ́ kan ibi tí bátìrì wà, ó gbóná dáadáa. Àwa mọ̀ pé bátìrì tó bá ń gbóná nínú ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́, omi rẹ̀ ló fẹ́ dà. Mo yọ ọ́. Mo fi aṣọ gbígbẹ nu ojú irin rẹ̀. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tutù, mo sì dá a padà nígbà tí òjò dá. Inú mi tilẹ̀ dùn. Mo ní ọpẹ́lọpẹ́ èmi, ìbá ti ba ẹ̀rọ olówó ńlá jẹ́.

Bùọ̀dá mi dé ní Wẹ́sìdeè, díìsìkì tuntun nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Kò tíì jókòó tó fi ṣí ẹ̀rọ náà. Ó tàn, ṣùgbọ́n kò jí. Ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ń béèrè díìsìkì, bí ohun tí kò tíì rí ẹnikẹ́ni rí.

“Ṣé iná tán nínú ẹ̀ ni?”

“Mo fún un níná láràárọ̀, Bùọ̀dá.” Òtítọ́ ni.

“Kò yẹ kó rí báyìí. Bátìrì yẹn ló gbé e dání. Níwọ̀n ìgbà tí bátìrì bá wà nínú ẹ̀...” Ó yíjú sí mi. “Ṣé o fọwọ́ kan nǹkan kan?”

Ìgbà yẹn ló yé mi pé bátìrì tí mo yọ ni. Ọ̀gá mi ń jó léèdì tí a fi ń so wáyà pọ̀ lórí tábìlì rẹ̀. Ó ti rí mi ní àná pẹ̀lú bátìrì yẹn lọ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó wò mí.

Mo ní, “Rárá o.”

Ọ̀gá mi tún gbójú sílẹ̀.

A lọ sí ọsibítù. Bùọ̀dá mi ti mú bébà dání báyìí. Lójú ọ̀nà, ó ní òun á bẹ Ìyá kó tún un sọ, ó kéré tán díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ara Ìyá ti yí padà láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ méjì, á dúró mí. Nọ́ọ̀sì ní kí á má jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ìyá ló kọ́kọ́ bi wá.

“Ẹ̀rọ yẹn... ṣé ó ṣì... di ọ̀rọ̀ mi mú?”

Bùọ̀dá mi ká bébà ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, “Ó dì í mú, Ìyá. Kò sí èyí tó bọ́.”

Ìyá pa ojú dé. Ó ní, “Mo dúpẹ́.” Lọ́jọ́ Fúráídè, ní àárọ̀, ó kú.

A gbé e lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, a sin ín. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé. Nígbà tí èrò túká, wọ́n jókòó ti Bùọ̀dá mi, wọ́n ní kí ó sọ ohun tí Ìyá ní kí ó sọ fún àwọn. Ó sọ ohun tó rántí. Ti Kano, pé kí ó má bá ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe gbólóhùn asọ̀ nítorí oúnjẹ. Ti Kùtọnù, pé kí ó wá gbé àpótí onígi tó wà nísàlẹ̀ ibùsùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ní, “Ẹ máa bínú. Mo ń tẹ̀ ẹ́ ni, n ò há a sórí. Mo rò pé ẹ̀rọ á bá mi rántí.”

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kano bú sẹ́kún. Ó ní, “Bùọ̀dá, ṣé ẹ̀rọ bí Ìyá ni?” Èmi wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo bọ́ síta.

Ohun tó tẹ̀lé e ló burú jù. Bùọ̀dá mi padà sídìí ìwé rẹ̀. Ó gbà pé àṣìṣe wà nínú iṣẹ́ òun. Ní gbogbo ìgbà tó bá dé ẹ̀rọ náà láti dán an wò, á jí, á sì mú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá. Ìyẹn ló wá ń dà á láàmú jù. Ó ní, “Á jí nígbà ọgọ́rùn-ún. Ìgbà tó ṣe pàtàkì ni kò jí. Àṣìṣe tó ń fara pamọ́ ni.” Bí mo bá lọ kí i ní Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń bá a nídìí tábìlì, pẹ́ńsùlù létí. Ó rù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ìyẹn sì burú ju yẹ̀yẹ́ lọ. Ó ń yí àṣẹ kan padà, ó ń yí òmíràn, ó ń kó tuntun lé tàtijọ́ lórí. Èmi á jókòó tì í, màá bá a bu omi tútù, màá ní, “Bùọ̀dá, ẹ sinmi.” Mo mọ ibi tí àṣìṣe wà. Ó wà ní ọwọ́ mi méjèèjì tí mo fi gbé omi fún un.

Ọ̀gá mi kò sọ ohunkóhun fún oṣù márùn-ún. Lọ́jọ́ kan, ó fi tọ́ọ̀ṣì hàn mí ní ibì kan nínú rédíò tí mo tún ṣe, tó tún ti bàjẹ́ padà. “Wo ibi tó o jó yìí. Léèdì bò ó lójú, ó ń dán, ṣùgbọ́n kò wọlé. Kò sí bó ṣe lè dán tó, iná ò ní í gba ibẹ̀ kọjá.” Ó pa tọ́ọ̀ṣì. “Lọ kí ẹ̀gbọ́n ẹ.”

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú pálọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Kí ló dé? Ta ló kú?” Mo sọ ọ́ látibi òjò tó ṣú títí dé ibi tí mo ti ní rárá o. N kò gbójú sókè.

Mo gbọ́ tó fa àga. Ó ní, “O yọ bátìrì.”

“Mo yọ ọ́, Bùọ̀dá.”

“Àṣé ó ṣiṣẹ́.” Ohùn rẹ̀ kò le, ó dà bí ohùn ẹni tí wọ́n jí. “Àṣé kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Àṣé ó ṣiṣẹ́ nígbà náà.”

Nígbà tí mo dìde, ó ń sunkún. N kò rí i kó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tí a sin Ìyá. Ó fa ẹ̀rọ náà sún mọ́ mi, ó tẹ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, ó dé e, ó sì ṣí i. Ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀, wúruwùru lásán ni. “Láti oṣù tó kọjá nìyí. Mo ti tún un ṣe títí mo fi bà á jẹ́. Èyí tó dáa, mo ti pa á kúrò lórí díìsìkì.”

Ojú mi bọ́ sórí ìwé ńlá náà. Mo ní, “Bùọ̀dá, ṣebí bírò lẹ fi kọ èyí tó dáa? Pẹ́ńsùlù nìkan lẹ fi kọ gbogbo èyí tó tẹ̀lé e.”

Ó wò mí. Ó ṣí àpótí tábìlì, ó yọ rọ́bà ìpawérẹ́ kan jáde, ó jù ú sí mi. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Kò tíì sọ ọ́ di òní, n kò sì béèrè.

Mo jókòó, mo ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́, ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, oṣù márùn-ún iyèméjì tí èmi ni mo dá sílẹ̀. Ó jókòó ní òdìkejì, ó ń tẹ àwọn ọ̀rọ̀ oníbírò padà sínú ẹ̀rọ. A ń ṣe é lọ báyìí títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Nígbà yẹn ni mo fi ìgboyà bi í.

“Bùọ̀dá, tèmi tí Ìyá sọ. Ṣé ẹ rántí ohunkóhun níbẹ̀?”

Ó dá ọwọ́ dúró. Mo rí i pé ó ń wá a ní tòótọ́, ojú rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó ń ka ìwé.

Ó ní, “Ó rẹ́rìn-ín kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni mo rántí.”

Mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn fúnra mi, lábẹ́ igi fúrúùtù. Mo gbọn ìdọ̀tí rọ́bà kúrò lójú ìwé, mo sì ṣí èyí tó kàn.